Lisbon pẹ̀lú màmá tí orókún ń dà láàmú: ìdáhùn mi fún àbúrò kan ní Manchester

Àbúrò kan ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ mú màmá mi lọ Lisbon fún ọjọ́ mẹ́rin lóṣù October. Àlájà ni wọ́n, wọ́n ti pé 71, orókún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, oúnjẹ tí ò bá sì ta lẹ́nu, wọn ò kà á sí oúnjẹ. Wọ́n wá kí mi láti Ìbàdàn ni, físà UK ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwa méjèèjì ò dé Lisbon rí. Kí la máa wò, kí la máa jẹ, ṣé òkè ìlú yẹn ò ní pa wọ́n báyìí? Ṣé kí n kúkú gbé ata dání?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ná: físà UK ò wọ Pọ́túgà tí Lisbon wà o. Ìwọ, tó bá jẹ́ páálí Gẹ̀ẹ́sì lo ní, o ò nílò físà, àmọ́ páálí Nàìjíríà tó wà lọ́wọ́ màmá, físà Schengen, ìyẹn físà àjọlò ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ló ń bèèrè. Ibi téèyàn ń gbé gan-an ló yẹ kó ti gbà á, ìyẹn ilé fún wọn. Ẹni tó wá ṣe àlejò ní UK lè gbìyànjú ẹ̀ níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní àlàyé tó nítumọ̀ lórí ìdí tí ò fi gbà á nílé kó tó wá, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Yanjú ìyẹn kó o tó fọwọ́ kan owó hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ti rí àwọn tó sanwó tán kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé gbọ́ sétí.

Tí físà bá ti jáde, tó o wá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì báàlù, sọ fún wọn pé màmá máa lo wheelchair. Ọ̀fẹ́ ni, òfin ló ní kí wọ́n ṣe é, kó o ṣáà ti sọ ọ́ nígbà tó ku wákàtí 48 ó kéré tán. Màmá máa ní "èmi kẹ̀? mo ti yarọ ni?" Má dá wọn lóhùn. Ìlà àwọn tí ò ní páálí Yúróòpù ní éápọ́ọ̀tù Lisbon máa ń gùn bí ìlà bẹntiróò nígbà ọ̀wọ́n epo, orókún wọn á ti jó tán kẹ́ ẹ tó rí títì ìlú.

Ọ̀rọ̀ òkè wá kù. Wọ́n máa ń ní òkè méje ló wà ní Lisbon. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń mú àlejò káàkiri ibẹ̀, mi ò kà wọ́n rí, ẹsẹ̀ mi ló ń bá mi kà á. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ò ní bẹ̀rù òkè, Màpó wà nílé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà Lisbon yàtọ̀: òkúta funfun kéékèèké ni, wọ́n tò ó mọ́ra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é ní calçada, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó ti ń dán. Lóṣù October òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá sì ti kán sórí òkúta yẹn, á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bàtà aláwọ tó ń dán nísàlẹ̀, kí wọ́n fi sílé. Bàtà kẹ́ńbẹ́ẹ̀sì tó ní rọ́bà tó di ilẹ̀ mú ni, kò ba aṣọ ànkárá jẹ́.

Gbogbo ẹni tó bá gbà yín nímọ̀ràn ló máa ní kẹ́ ẹ wọkọ̀ gòkè, kẹ́ ẹ wá máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nísàlẹ̀. Fún èmi àti ẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orókún tó ń dunni, ìsọ̀kalẹ̀ gan-an lọ̀tá ẹ̀, bi màmá bóyá ìgbà tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ló ń dùn wọ́n jù àbí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Torí náà ètò tí mo máa bá yín ṣe ni pé: ẹ wọkọ̀ gòkè, ẹ jókòó sókè, ẹ fojú jẹun, ẹ tún wọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ní lágbára láti rìn, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kẹ́ ẹ ná an sí.

Ilẹ̀ títẹ́jú sì wà. Baixa ló ń jẹ́, àárín ìlú gan-an. Ọjọ́ kìíní oṣù November 1755 ni ilẹ̀ mì ní Lisbon, ọjọ́ àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́ ni, àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ilé wó lù wọ́n, omi wá ru wọ inú ìlú, iná tún wá jó èyí tó kù. Marquês de Pombal, mínísítà ọba nígbà náà, ló tún àárín ìlú kọ́, ó fa títì ẹ̀ tààràtà bí ìlà inú ìwé ọmọ iléèwé, ìdí nìyẹn tí Baixa fi tẹ́jú tó sì gún régé, tí Alfama tó wà lókè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí kò wó tó bẹ́ẹ̀, fi rí bí àdúgbò Bẹẹrẹ, kọ̀rọ̀ lórí kọ̀rọ̀. Baixa ni kẹ́ ẹ dé sí. Kó o tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, bi wọ́n bóyá lífíìtì wà, torí ilé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ pé àjà kẹrin ni yàrá, àtẹ̀gùn onígi rẹpẹtẹ ló sì dé bẹ̀. Owó orí àlejò wà lọ́tọ̀ o, yúrò mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́, má jẹ́ kó bá ẹ lójijì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ò mọ̀ nìyí, gbọ́ mi dáadáa. Láti Baixa lọ sí Chiado tó wà lókè, òkè yẹn máa ń gba èémí lẹ́nu ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n inú sítéṣọ̀n métírò Baixa-Chiado, àtẹ̀gùn tó ń dá rìn wà níbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, ẹ wọlé ní Baixa, ẹ yọ ní Chiado, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan káàdì rárá. Tí ẹ bá tún fẹ́ gba apá òkè ààfin àtijọ́ lọ, ní Rua dos Fanqueiros lífíìtì kan wà nínú ilé kan bí ilé lásán, ọ̀fẹ́ ni, á gbé yín dé òkè, ẹ rìn díẹ̀, òmíràn tún wà níbi súpámákẹ́ẹ̀tì kan tó ń gbé èèyàn sókè sí i. Bọ́ọ̀sì kékeré 737 náà ń lọ láti Praça da Figueira dé ẹnu ààfin São Jorge. Àti Bolt, Bolt tẹ́ ẹ ń lò n'Íbàdàn wà níbẹ̀ náà, kò sì wọ́n tó ti Manchester. Tó bá rẹ màmá, má ṣe akọni, pe Bolt.

Inú ààfin yẹn, èmi ò ní lọ tó bá jẹ́ tèmi. Òkúta gbágungbàgun ni gbogbo ilẹ̀ ẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà ẹ̀ sì wúwo, ohun tí èèyàn ń gòkè lọ wò níbẹ̀, ìyẹn òrùlé pupa ìlú àti odò Tejo, ẹ máa rí i lọ́fẹ̀ẹ́ ní Portas do Sol àti Santa Luzia tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, àga wà, kọfí wà. Ẹ jókòó fún wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí màmá ya fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe DP fún ọdún méjì.

Tíráàmù 28, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò ẹ̀, ẹ gùn ún, ó dùn, ó ń gba kọ̀rọ̀ kọjá débi pé o lè nawọ́ kan ògiri, ṣùgbọ́n ẹ má lọ wọ̀ ọ́ ní Martim Moniz tí gbogbo àlejò ti ń tò. Ẹ pe Bolt lọ sí Campo de Ourique tó jẹ́ ìpẹ̀kun ẹ̀ lódì kejì, ẹ wọ̀ ọ́ níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ máa ríbi jókòó. Inú ẹ̀ ni àwọn olè tó ń tọwọ́ bọ àpò èèyàn fi ṣe ọ́fíìsì. Wọn kì í rí bí olè, ìyàwó ilé ni wọ́n ń jọ, wọ́n á gbé jákẹ́ẹ̀tì sí apá, ọwọ́ á ti wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kí màmá so owó wọn mọ́ ìdí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́jà, kò sí ibi tó dáa jùyẹn lọ. Tó o bá rí Elevador da Glória, ọkọ̀ tí wáyà ń fà gun òkè, nínú fọ́tò àtijọ́, yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Wáyà ẹ̀ já ní ọjọ́ 3 oṣù September 2025, èèyàn 16 ló bá a lọ.

Ẹ ra káàdì Navegante ní métírò, 50 sẹ́ńtì ni káàdì fúnra ẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá ki owó sí i. Ẹni tó bá san owó lọ́wọ́ awakọ̀ nínú tíráàmù, ó ń san ju bó ṣe yẹ lọ dáadáa. Tuk-tuk tí wọ́n máa fi pè yín ní gbogbo ìkóríta, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni o! Márúwá gan-an, wọ́n kàn fi òdòdó sí i lórí ni, iye tí wọ́n ń pè fún wákàtí kan, màmá á rò pé wọ́n fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ náà fún àwọn ni. Tí wọ́n bá fẹ́ gùn ún fún ẹ̀rín, ẹ dúnàádúrà, wọ́n ń gbà.

Ọjọ́ Belém wà fún orókún, àdúgbò etí odò ni, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Tíráàmù 15 ló ń lọ, tuntun ni púpọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ láìgun àtẹ̀gùn. Ilé àwọn mọ́ńkì, Jerónimos, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ọba Manuel kìíní ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, owó òwò ata àti tùràrí láti ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi kọ́ ọ, òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí lẹ́ẹ̀sì, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó máa ń tì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ rántí o. Sàréè Vasco da Gama, Potogí tó kọ́kọ́ gba orí òkun láti Yúróòpù dé Íńdíà, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ìwọ àti màmá á dúró síwájú ẹ̀, ẹ máa rò ó. Ilé ìṣọ́ Belém, wọ́n tì í fún àtúnṣe ní 2025, yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó lọ, àmọ́ ìta ló ti lẹ́wà jù tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Ère òkúta ńlá tó dà bí ọkọ̀ ojú omi wà létí odò níbẹ̀, 1960 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, ọmọ ọba Henrique ló dúró níwájú, ó gbé ọkọ̀ lọ́wọ́. Àwọn afinimọ̀nà kan máa sọ̀rọ̀ akọni nìkan níbẹ̀. Èmi máa ń sọ fún àwọn èèyàn tiwa pé 1444, nígbà ayé Henrique yẹn, ni wọ́n kó ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà tó lé ní igba gúnlẹ̀ sí ìlú kan ní gúúsù Pọ́túgà níbẹ̀, wọ́n pín wọn létí òkun bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran, orúkọ ìlú náà ni Lagos. Bẹ́ẹ̀ ni, Lagos. Àwọn Potogí náà ló sọ Èkó wa lórúkọ yẹn nítorí ọ̀sà tí wọ́n rí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn gbogbo èèyàn máa ń dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà la máa ń lọ jẹ pastel, àkàrà òyìnbó kékeré ibẹ̀.

Pastel de nata yẹn, ẹ jẹ ẹ́ ní Belém gan-an, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti 1837, aṣọ ìbòòji búlúù ló wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Ìlà gígùn tẹ́ ẹ máa rí níta, ti àwọn tó ń rà gbé lọ ni. Ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ wọnú lọ, yàrá lórí yàrá ló wà nínú, ẹ máa ríbi jókòó. Ó máa gbóná dé ọwọ́ yín. Ẹ bu cinnamon àti súgà lúbúlúbú sórí ẹ̀, ẹ gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì: ìta ẹ̀ á fọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ sórí aṣọ, àárín ẹ̀ á yọ́ bí ògì tí wọ́n fi ẹyin àti mílíkì pò, ojú ẹ̀ tí iná jó dúdú díẹ̀ yẹn ló ń ká adùn ẹ̀ kò kó má baà sú èèyàn. Mẹ́ta mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Tórí ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ibí ni kó o ti la ojú. Ẹlẹ́dẹ̀ ni oúnjẹ àwọn Potogí ń fi ṣeré. Bifana tó o máa rí níbi gbogbo, búrẹ́dì pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ ni. Caldo verde, ọbẹ̀ ewébẹ̀ tó ń fani mọ́ra yẹn, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ ló máa ń wà nínú ẹ̀, kódà tí wọ́n bá yọ ọ́ fún ẹ, ó ti sè pọ̀. Cachupa, àgbàdo àti ẹ̀wà tí àwọn ará Cape Verde ń sè pọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Kódà àkàrà òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ toucinho do céu, álímọ́ńdì ni wọ́n fi ṣe é, ó dùn lójú, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni kó o kọ́: "sem porco", ìyẹn láìsí ẹlẹ́dẹ̀, àti "banha", ìyẹn ọ̀rá ẹ̀. Béèrè banha lórí gbogbo ohun dídùn tó o bá fẹ́ rà fún wọn, àtàwọn pastel náà, ìbéèrè ò ń fọ́ eyín.

Ẹja ló máa gbà yín. Bacalhau! Ẹ lọ sí Rua do Arsenal, ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta á wà, wọ́n tò ó jọ gbalaja bí pákó, funfun, iyọ̀ ti gbẹ sára ẹ̀. Màmá àgbà kan tí mo mú gba ibẹ̀ dúró lójijì, wọ́n fa imú, wọ́n ní, "Ta ló ń ta páńlá níbí?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò sì jìnnà sí òtítọ́, ẹja cod kan náà tí Norway ń sá gbẹ tó ń kó wá sílé fún wa ní stockfish, òun náà ni wọ́n ń kó wá fún Potogí, kìkì pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa tiwọn kó tó gbẹ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á máa pààrọ̀ omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní à Brás ni kí màmá kọ́kọ́ tọ́ wò, wọ́n á já ẹja náà wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ àlùbọ́sà, ẹyin, àti pòtétò tí wọ́n gé tín-ín-rín bí igi ìṣáná tí wọ́n sì dín. Pastéis de bacalhau náà, ẹja àti pòtétò tí wọ́n dín, àkàrà ló jọ lójú, ẹ fi máa rìn lọ lójú ọ̀nà.

Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ jẹun dáadáa, kì í ṣe alẹ́. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta, àwọn tasca, ìyẹn bùkà tiwọn, máa ń kọ prato do dia sórí bébà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, oúnjẹ ọjọ́ náà nìyẹn, ó dín owó ju tí alẹ́ lọ, ó sì pọ̀ láwo. Ibi tó bá ní fọ́tò oúnjẹ níta, tí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè yín "my friend", ẹ kọjá. Wọ́n máa gbé búrẹ́dì, ólífì, bọ́tà, wàràkàṣì síwájú yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe sààrà o! Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo jókòó sí ibì kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo jẹ ólífì tán, mo jẹ wàràkàṣì tán, mo tún ní kí wọ́n fi búrẹ́dì kún un, nígbà tí bíìlì dé, owó ohun tí mi ò pè ju ti ẹja tí mo pè lọ. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ. Tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, wọn ò gbọdọ̀ gbowó ẹ̀.

Fún ẹran, tí màmá bá ní halal ni àwọn fẹ́, ẹ lọ sí Rua do Benformoso lẹ́yìn Martim Moniz, àwọn ará Bangladesh ló kún ibẹ̀, ata wọn kì í ṣeré. Mọ́sáláàṣí àgbà Lisbon wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Praça de Espanha, métírò dé bẹ̀, tó bá jẹ́ pé Jímọ̀ wà nínú ọjọ́ mẹ́rin yín. Ẹ wá ilé oúnjẹ Àńgólà náà. Muamba ni kẹ́ ẹ béèrè: adìẹ tí wọ́n fi epo pupa sè, ilá wà nínú ẹ̀, funge ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tó jẹ́ pé láfún gan-an ni lójú mi. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú adìẹ tó jẹ́ ná, torí ti halal. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mo fọwọ́ jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó wo ojú mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Rossio, ẹ yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos. Mo mọ̀ pé Àlájà ni wọ́n, ìwòran la fẹ́ lọ wò. Iná jó o ní 1959, nígbà tí wọ́n sì tún òrùlé ẹ̀ ṣe, wọn ò bo àpá. Òpó òkúta tó ga ju ilé alájà méjì lọ, iná ti bù ú jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni bu búrẹ́dì, ó ti là, ó ti dúdú, ó ṣì dúró. Àga wà nínú ẹ̀. Iwájú ẹ̀ níta ni àwọn èèyàn Guinea-Bissau máa ń péjọ sí nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá máa ń pàtẹ ẹ̀pà, mo sì ti bá obì pàdé níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jókòó díẹ̀. Àwọn tó bá wá rọra sọ fún yín ní Rua Augusta pé àwọn ń ta igbó, irọ́ ni, ewé lásán ni wọ́n ń tà, ẹ má wulẹ̀ dá wọn lóhùn.

Sintra, ìlú kan nítòsí Lisbon, gbogbo èèyàn máa sọ fún ẹ pé o gbọ́dọ̀ lọ. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè àti ìlà ni, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà míì. Dípò ẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Cais do Sodré lọ sí Cacilhas lódìkejì odò, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò tó yúrò méjì, ẹ jẹ ẹja yíyan níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá padà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kí màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọwọ́ òsì nígbà àbọ̀, afárá pupa ńlá yẹn á wà níbẹ̀, oòrùn á máa wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Ata? Gbé e dání. Ata gígún inú ike kékeré tí ìdérí ẹ̀ le, fi sí báàgì tí ẹ máa fún ọkọ̀ òfurufú kó, kó má baà tú sí màmá lára nínú báàlù. Ṣùgbọ́n ẹran àti wàrà kankan ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, láti UK wọn ò gbà á wọlé, wọ́n á gbà á kí wọ́n jù ú nù, torí náà tí kílíṣí bá wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi sílẹ̀ ní Manchester. Ní tasca, tí wọ́n bá béèrè ata, kí wọ́n ní "piri-piri", wọ́n á gbé ìgò kékeré kan tí òróró àti ata wà nínú ẹ̀ wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ kán ẹyọ kan sílẹ̀ tọ́ ọ wò. Èyí tí mò ń bá pàdé kì í ta tó ti ilé, àfi ọjọ́ kan báyìí tí omijé jáde lójú mi.